Mo Fi Ṣòkòtò Kákí Mi Gbé Ọmọ Jáde

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú pálọ̀ ilé wa ní Ọ̀fà, tí gbogbo ilé ń rùn fún òrí àti epo máṣíìnì. Òrí ni Alhaja, ìyá wa, máa ń fi pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Epo máṣíìnì ní tirẹ̀ ni òórùn tí mo mọ̀ mọ́ wọn láti kékeré, nítorí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ránṣọ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tí wọ́n sì gbé máṣíìnì wọn wá sílé. Àbúrò mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sí Ìjàgbó, níbi tí ó ti jẹ́ tíṣà, ń tẹ fèrè níta. Ọjọ́ yẹn ni ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta ààbọ̀, lórí itan Alhaja. Ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Wákàtí mẹ́tàlélógún." Mo ní kó máa lọ, pé mo ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo gba iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fún mi ní ìwé fún, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí ju gbogbo ìdánwò tí mo ti jókòó ṣe láyé mi lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bàtà náà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kejì bí ìgbà tí ọwọ́ bá fẹ́ bu omi. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rọra yí ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹfun líle tí gbogbo èèyàn ń pè ní pí-ó-pí dì í mọ́bẹ̀, títí ó fi tọ́. Ìgbà tí ó tọ́ tán ni wọ́n fún wa ní bàtà kéékèèké méjì tí ọ̀pá irin kan so pọ̀, èyí tí kò ní jẹ́ kó padà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni yóò fi wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru, wákàtí kan péré lójúmọ́ ni a lè bọ́ ọ fún ìwẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó bá ń sùn nìkan ni, títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní tí a kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò yí padà, bí igi tútù tí èèyàn tẹ̀ tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó gbẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti jáde yunifásítì tí ẹ sì ń jókòó sílé á mọ bí ó ṣe rí fún mi nígbà yẹn. Mo ti sin ìlú tán lọ́dún kan ṣáájú, mo ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí tí ọwọ́ mi fi mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí. Àbúrò mi tí mo kọ́ ní A-B-D ti ní iṣẹ́, ó ti ní ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ó ti bí ọmọ méjì. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣì ń jẹun nínú ìkòkò Alhaja. Mi ò jowú rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣe báyìí. Nítorí náà, nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ńṣe ló dà bíi pé ayé tún rántí mi. Mo sọ fún ara mi pé èyí, mi ò ní kùnà rẹ̀.

Mo sì ṣe é dáadáa, bí mo ṣe rò nígbà náà. Mo máa ń wẹ ọmọ ní aago méje, n ó fi aago fóònù mi sọ́nà, bàtà á ti padà sẹ́sẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Aṣọ ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Kò sí ṣòkòtò ọmọdé kan tó lè gba orí ọ̀pá irin kọjá, a ò sì lè fi ọmọ sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú ọyẹ́. Mo gbé máṣíìnì Alhaja síta, mo tú ojú ìrán abẹ́nú gbogbo ṣòkòtò rẹ̀, mo fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbá etí rẹ̀, mo sì to bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ sí i láti ọrùn ẹsẹ̀ kan dé ìkejì. Ìdílé wa ni mo ti kọ́ ọ, èmi ni mò ń fi okùn sí abẹ́rẹ́ fún Alhaja láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò mí, wọn kò sì dá sí i. Alhaja kórìíra bàtà yẹn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ọmọ tí kò jalè, tí kò pààyàn, ni wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ lẹ́sẹ̀.

Láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan ọ̀sán, mo máa ń lọ kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní lẹ́sìnnì ní àdúgbò kejì. Alhaja nìkan ló máa ń wà pẹ̀lú ọmọ náà nígbà yẹn, àti ọmọkùnrin àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó bá ti dé láti nọ́sìrì rẹ̀ ní aago méjìlá. Tí mo bá dé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, ọmọ sì ń sùn wọ̀ọ̀. Mo máa ń yin Alhaja. Mo ní wọ́n mọ bí a ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni a padà sí Ìlọrin, èmi àti àbúrò mi, tó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbé ẹsẹ̀ náà sọ́wọ́, ó tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó sì pe dókítà. Dókítà náà tẹ̀ ẹ́. Mo rí i lójú wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n bi wá pé wákàtí mélòó ni ọmọ ń wọ bàtà lójúmọ́. Èmi ni mo yára dáhùn. Mo ní mẹ́tàlélógún, mo sì búra sí i bí olè tí wọ́n mú nínú ọjà. Nọ́ọ̀sì náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn fi àtàǹpàkò ra orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ kì í purọ́." Wọ́n tún dì í sínú pí-ó-pí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní tó bá tọ́ padà, oṣù mẹ́ta náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tí a bá sì tún padà wá báyìí, ó lè di pé wọ́n á là á. Nínú bọ́ọ̀sì, àbúrò mi fi ọwọ́ bo pí-ó-pí tuntun náà títí a fi dé Ọ̀fà. Mo fẹ́ kó bú mi. Ì bá rọrùn fún mi ká ní ó bú mi.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti lẹ́sìnnì dé, mo bá ọmọkùnrin rẹ̀ ní pálọ̀ tó ń ṣeré. Ó tẹ́ ìrọ̀rí kan sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń tú nǹkan ní ìsàlẹ̀ ìrọ̀rí náà, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ó gbé e sẹ́yìn, ó fa ìborùn Alhaja, ó sì so ó mọ́ àyà gírígírí. Mo bi í pé kí ló ń tú níbẹ̀. Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n tó. Ó ní, "Bàtà rẹ̀ ni. Àǹkù, téèyàn ò bá bọ́ bàtà, kò ṣe é pọ̀n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ hàn sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ojoojúmọ́ ni Alhaja ń bọ́ bàtà náà bí mo bá ti jáde, tí wọ́n á pọn ọmọ sẹ́yìn títí ó fi sùn, tí wọ́n á sì wọ̀ ọ́ fún un padà kí aago kan tó lù. Ọ̀pá irin yẹn kò lè gba ẹ̀yìn kọjá, ẹsẹ̀ ọmọ kò lè yà sí ẹ̀gbẹ́ ìyá. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Ohun tó mú inú mi bàjẹ́ jù ni pé kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ba ẹsẹ̀ ọmọ náà jẹ́.

Mo lọ bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, kí ẹ má rò pé mo kàn yájú sí ìyá mi. Wọn kò sẹ́. Wọ́n ní ọmọ ń sunkún, kí ni kí àwọn ṣe, kí àwọn máa wò ó? Wọ́n ní, "Ọmọ márùn-ún ni ẹ̀yìn yìí gbé. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ nínú yín?" Mo ní kò sí, ṣùgbọ́n a ò bí ìkankan nínú wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò pọ̀n kò ní mọ ẹni tó ni ín, pé ìwé ni mo kà, mi ò tíì bímọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ní ọjọ́ mìíràn, mo ti dákẹ́ nìyẹn, torí èmi ni ọmọ tí kì í dá Alhaja lóhùn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Alhaja, ẹ má bínú. Ẹ ò ní bọ́ ọ mọ́. Mi ò ní gbà." Wọ́n gbé ìrẹsì wọn, wọ́n wọlé. Mo lọ fi lẹ́sìnnì náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti ọmọ.

Àmọ́ mo ti rò ó dáadáa, kí n má purọ́. Mo mọ̀ pé "mi ò ní gbà" kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe ọmú. Ọmọ náà fẹ́ ara èèyàn. Ó fẹ́ gbọ́ ọkàn tó ń lù. Tí a bá gba ẹ̀yìn Alhaja lọ́wọ́ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà nínú pí-ó-pí, mo pinnu láti rán àpò ìgbọ́mọ tí n ó gbé kọ́ àyà. Mo wá aṣọ tó le tó nínú ilé, mi ò rí. Mo wá ṣí àpótí mi, mo yọ ṣòkòtò kákí tí mo fi ṣe àgùnbánirọ̀, èyí tí mo ti lọ̀ tí mo sì ká pamọ́ bí ẹni tí wọ́n máa tó ránṣẹ́ pè. Mo fi sísọ́ọ̀sì sí i. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ kejì, kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rán jẹ́ ìtìjú. Mo ṣe ihò méjì sí i fún ẹsẹ̀, bíi ti péńpé, ọjọ́ tí wọ́n tú pí-ó-pí tí wọ́n sì dá bàtà padà sẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni mo tó rántí pé ihò méjì kò lè gba ẹsẹ̀ méjì tí irin so pọ̀. Ohun kan náà tí mo ti tìtorí rẹ̀ tú gbogbo ṣòkòtò ọmọ náà ni mo tún lọ ṣe. Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo ṣí ìsàlẹ̀ àpò náà gbayawu, mo rán aṣọ fífẹ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò gba àárín itan méjèèjì kọjá wá síwájú, tí n ó sì fi bọ́tìnnì ńláńlá mẹ́rin dè é sókè. Mo fi fóòmù sí ibi tí itan rẹ̀ yóò gbé jókòó. Ó wọ̀ ọ́. Ó kọjú síta, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà mi, ọ̀pá irin náà dábùú níwájú mi bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó pariwo díẹ̀, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sì fi ẹnu ìkókó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí àpò náà.

Alhaja rí i. Wọ́n ní tó bá jẹ́ inú ilé ni mo ti fẹ́ ṣe wèrè, kí n máa ṣe é, ṣùgbọ́n kí n má gbé e jáde, torí ìnàkí ló ń gbé ọmọ sí àyà. Kí àwọn ènìyàn má wá máa sọ pé wọ́n ti so ọmọ ọmọ Alhaja ní ẹ̀wọ̀n. Mo ronú sí i di ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi, torí kì í ṣe agídí lásán. Mo rí i pé ìtìjú ló bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó tó bí ẹkún rẹ̀ ṣe bọ́ ọ. Bí a bá ń fi ẹsẹ̀ yẹn pamọ́, gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé ni ẹnìkan á máa wá ọ̀nà láti tú u. Nítorí náà, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mo gbé e kọ́ àyà, mi ò fi aṣọ bo irin, mo sì gba àárín ọjà Owódé kọjá.

Àwọn ará ọjà kọ́kọ́ ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni ẹnu wọn là. Àwọn ọlọ́kadà ní kí n kú ewu ọmọ, wọ́n bi mí bóyá mo ti ń fún un lọ́mú. Ẹnìkan ní ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, ó ti gbé ṣòkòtò wọ̀, ó fi yẹ̀rì sílẹ̀ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, torí ó dùn, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ. Obìnrin kan tó ń ta ata gígún ló wá bi mí gan-an, pé kí ni ọmọ yìí ṣe tí wọ́n fi irin dè é. Ó dín ohùn rẹ̀ kù, bí ẹni ń béèrè òkú. Mo gbé ohùn tèmi sókè. Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, ó ti tọ́, irin yìí ni kò ní jẹ́ kó wọ́ mọ́. Ẹ wá wò ó." Ó wá lóòótọ́. Ó fọwọ́ kan bàtà náà, ó fọwọ́ kan irin, ó ní, "Ó mà tutù o." Ó fi ìka kan ra ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń bẹ̀rù nǹkan yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọkùnrin àbúrò mi ni Alhaja ń fi oúnjẹ rán sí mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá wọn nídìí máṣíìnì, àpò ìgbọ́mọ wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi réésà tú èjìká rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń bà á jẹ́ ni, mo sì ti la ẹnu kí n tó rí okùn nínlá tí wọ́n ti fi sí abẹ́rẹ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ojú kan ṣoṣo lo rán èjìká. Ẹ̀wà lo fẹ́ kó sínú rẹ̀ ni? Ọmọ mi ló máa jókòó síbẹ̀." Ojú wọn kò ríran tó mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ìlà ìrán, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà á kọjá, wọ́n sì fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ níbi tí mi ò ronú kàn rárá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n gbé e kọ́ àwọn lọ́rùn, kí n sì gbé ọmọ sínú rẹ̀. Wọ́n da híjáàbù wọn fífẹ̀ bò ó, wọ́n ní báyìí kò sí ẹni tó máa mọ̀. Irin náà yọ jáde ní apá méjèèjì híjáàbù wọn bí ìwo. Wọ́n rìn yí ká ilé títí ọmọ fi sùn, wọn kò sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Wọn ò sọ fún mi rí pé mo jàre, mi ò sì béèrè. Oṣù mẹ́ta náà pé, a padà sí Ìlọrin, nọ́ọ̀sì yẹn tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀ báyìí, ó ń sáré lé adìẹ. Mo ti ríṣẹ́ díẹ̀, kì í ṣe èyí tí mo kàwé fún, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún mi ni pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè sọ pé rárá. Mo ti máa ń rò pé ó dìgbà tí ẹ̀rù bá tán lára mi. Ẹ̀rù kò tán, mo sì sọ ọ́ fún ìyá mi, mo sọ ọ́ fún odidi ọjà, mo ṣì máa tún un sọ lọ́la tó bá kan ẹsẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n mo ní ìṣòro kan tí mi ò mọ bí mo ṣe lè yanjú rẹ̀. Ó ku bí ọdún kan ààbọ̀ tí yóò fi máa wọ bàtà náà sùn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ tẹ́ ẹ fún oorun ọ̀sán, ó tú ti ọ̀tún, ó tú ti òsì, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́wọ́, ó sì ní, "Àǹkù, mi ò ní gbà." Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Gbogbo àwọn yòókù tí mo dojú kọ, mo mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó le bíi tèmi. Mi ò fẹ́ fi ipá dè é, kó má di ẹ̀wọ̀n lóòótọ́. Mi ò sì ní jẹ́ kó sùn láìwọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ tó mọ rárá sọ, kí ni ẹ ṣe? Kí ni kí n sọ fún un?